Eyín Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eyín yìí, bí aláìsàn bá ti jókòó sórí àga wa, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń bẹ̀, pé kí á bá òun yọ ọ́ dànù. Kò sí ẹni tí ó kórìíra eyín rẹ̀. Ta ni yóò kórìíra ohun tí àwọn baba wa ti wí pé funfun niyì rẹ̀, alágbára ẹnu tí ń pa ẹ̀kùrọ́ nígbà èwe, tí ń lọ ẹran fún ọ̀nà ọ̀fun, tí í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹ̀rín ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni? Ìrora ló ti lé onítọ̀hún dé ibi tí kò ti mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá mọ́. Ó ti da oògùn ẹlẹ́búlẹ́bú sí i, ó ti fi ògógóró yọ ọ́ lẹ́nu, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti kán omi bátìrì ọkọ̀ sínú ihò rẹ̀, nígbà tí wọn yóò sì fi dé ọ̀dọ̀ wa, oorun ọjọ́ mélòó kan ti di gbèsè sí wọn lójú. Àwa náà kò bá wọn jiyàn. A ó gún wọn ní abẹ́rẹ́, a ó mú ẹ̀mú, a ó yọ ọ́, a ó fún wọn ní òwú kí wọ́n fi eyín yòókù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọn a dúpẹ́, wọn a lọ. Àwọn àgbà ti wí i pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn eyín ti ayé ìgbà náà, orí ni à ń bẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá léèrè.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọ̀ràn náà yí padà. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín fìdí múlẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde sì bá ìgboro sọ ọ́ pé eyín tí ń dunni ṣeé dá sí. Ìtọ́jú gbòǹgbò eyín, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní root canal, wá di ohun tí aláìsàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè. Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Nínú eyín kọ̀ọ̀kan ni ẹran rírọ̀ kan wà, tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó sì gba ojú ihò tóóró lọ dé ìsàlẹ̀ gbòǹgbò. Bí eyín bá jẹ títí dé ọ̀dọ̀ ẹran yìí, yóò wú, yóò mú olówó rẹ̀ ké, yóò sì kú. Àwa yóò kó o jáde, a ó fi omi oògùn fọ ojú ihò náà, a ó sì fi gutta-percha dí i, ìyẹn oje igi kan tí ń hù ní ìhà Màléṣíà, èyí tí àwọn òyìnbó fi bo wáyà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ilẹ̀ Faransé ní 1851. Iṣẹ́ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa a máa tọ́jọ́, púpọ̀ nínú wọn a sì bá olówó wọn darúgbó. Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa kọ̀. Bí iṣẹ́ náà ti ń pọ̀ sí i ní ìlú ni àwọn tí ó kọ̀ ń pọ̀ sí i lórí àga mi, títí ó fi wá jẹ́ pé títún ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti ṣe ṣe ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jù lọ lónìí.

Ìyá aláṣọ kan wà ní Ìbàdàn níhìn-ín tí ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi dandan fà wá sọ́dọ̀ mi. Eéwo kékeré kan, tí kò tó hóró àgbàdo, yọ sí erìgì rẹ̀ lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ńlá kan tí wọ́n ti ṣe root canal sí ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ìyá náà kò kà á sí nǹkan kan. Láràárọ̀, bí ó bá ti ń rún pákò, a fi orí ìka tẹ eéwo náà, ọyún díẹ̀ a jáde, ẹnu a korò díẹ̀, a fi omi yọ ọ́ nù, ó di ọjà. Nígbà tí mo ní eyín náà ń fẹ́ àtúnṣe, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Dókítà mi, ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó ṣe é lọ́jọ́sí sọ fún mi pé òun ti pa á. Ṣé òkú tún ń ṣàìsàn ni?” Ọmọ rẹ̀ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, màmá mi,” ṣùgbọ́n mo ní kí ó fi ìyá sílẹ̀, nítorí ìbéèrè náà jinlẹ̀, n kò sì rí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tí ó bi mí ní irú rẹ̀ rí nínú ìdánwò.

Mo gbé àwòrán X-ray sí iwájú iná, mo fi hàn án. Eyín tí a ti kó ẹran inú rẹ̀ jáde kò kú. Àwọn okùn tín-tìn-tín tí ó so ó mọ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà láàyè, ẹ̀jẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn, eegun tí ó yí i ká ń jẹ, ó ń mu, a sì ń fi eyín náà jẹun bí a ti ń fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun. Ohùn rẹ̀ nìkan ni a ti gbà. Eyín tí iṣan rẹ̀ pé ló lè jí olówó rẹ̀ lóru kí ó sì mú un rìn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Èyí tí kò ní iṣan mọ́, bí kòkòrò àrùn bá tún gba ojú ihò rẹ̀ wọlé, tí wọ́n sì ń ti ìdí gbòǹgbò jẹ eegun, kí ni yóò fi ké? Lórí àwòrán ìyá aláṣọ yìí, òjìji dúdú kan yí orí gbòǹgbò kan ká, ó tóbi tó hóró ẹ̀wà, níbi tí eegun gbé ti yọ́ lọ. Ọyún tí ń kóra jọ síbẹ̀ ti wá ọ̀nà jáde sí erìgì, nítorí pé ó sì ń rí ibi tú sí lójoojúmọ́, kò wú, kò dùn. Bí ọ̀nà yẹn bá ṣèèṣì dí lọ́jọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wú bo ojú, wọn yóò sì ní ayé ló ṣe é.

Ìdákẹ́ irú eyín bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n bẹ̀rù ju igbe lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá sì ṣàkíyèsí eéwo náà, ilé oògùn ni wọ́n ń gbà lọ, wọn a ra kápúsù pupa àti yẹ́lò, wọn a lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, eéwo a pa dé, wọn a ní ó ti san. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn tí a gbé mì káàkiri ara, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan tí ń wọ inú gbòǹgbò tí a ti kó ẹran rẹ̀ jáde. Oògùn yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì padà, àwọn tí ó wà nínú ilé yóò máa jẹun wọn lọ.

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ń jẹ eyín, kòkòrò ni wọn yóò sọ. Àwa tí a kàwé a máa rẹ́rìn-ín sí i, nítorí a ti kọ́ ọ pé Pierre Fauchard, ará Faransé tí ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí iṣẹ́ eyín ní 1728, fi awò wá kòkòrò náà títí, kò rí i. Èmi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní 1965, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Kakehashi, Stanley àti Fitzgerald, mú àwọn èkúté tí a tọ́ láti ìbí ní ibi tí kòkòrò àrùn kankan kò lè dé, wọ́n lu eyín wọn títí dé ẹran inú rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí kí oúnjẹ máa kó sí i. Ẹran eyín àwọn èkúté wọ̀nyí kò kú; ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri tuntun dí ojú ọgbẹ́ náà. Àwọn èkúté tí a tọ́ bí a ti ń tọ́ èkúté gbogbo, tiwọn jẹrà, ó di eéwo. Oúnjẹ kọ́, afẹ́fẹ́ kọ́, lílu kọ́. Ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò rí ló ń ṣe ọṣẹ́. Àwọn àgbà kò purọ́, kòkòrò wọn ló kéré ju bí wọ́n ti rò lọ.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá kọ̀, ohun tí mo ń kọ́kọ́ wá ni ibi tí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí fi ṣe ibùba. Eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè, èyí tí ó sábà máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá tó ọmọ ọdún mẹ́fà, gbòǹgbò mẹ́ta ló ní, ojú ihò mẹ́ta sì ni wọ́n kọ́ àwọn ọ̀gá wa pé kí wọ́n máa retí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú èyí tí ó ju ìdajì irú eyín yìí lọ ni ojú ihò kẹrin wà, nínú gbòǹgbò iwájú níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ara eyín ti hù bò ó lójú, tí ó sì tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí irin tí orí rẹ̀ kò ju ìdámẹ́wàá mìlímítà kan lọ fi ń ṣe wàhálà kí ó tó wọ̀ ọ́. Àwòrán X-ray kò fi í hàn. Nígbà tí oníṣègùn eyín kan, Otto Walkhoff, fi X-ray ya eyín ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní 1896, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi dùbúlẹ̀ láìmira. Lónìí, ìṣẹ́jú àáyá kan kò pé, ṣùgbọ́n òjìji náà ni òjìji ń jẹ́, ojú ihò méjì tí ó bá sì wà lẹ́yìn ara wọn, ẹyọ kan ni wọn yóò fi ara hàn. Ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń ya eyín yí ká, tí ń fi kọ̀ǹpútà gé àwòrán rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí a bá ti fẹ́, dé, tí máíkírósíkóòpù sì dúró lórí àga, ni a tó mọ iye ohun tí a ti ń fi sílẹ̀. Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò wọ gbòǹgbò eyín, bí kò sí awò. Ojú ihò kẹrin yìí gan-an ni ọ̀ràn ìyá aláṣọ: mẹ́ta tí wọ́n rí, wọ́n ṣe é dáadáa, ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é mọ́, ọ̀kan tí wọn kò rí ló ń pọnmi ọyún fún un láràárọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí iṣẹ́ ń gbà kọ̀ kò ní àwíjàre tó bẹ́ẹ̀. Itọ́ ẹnu kún fún kòkòrò, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Sanford Barnum ní New York sì ti fi awọ rọ́bà hàn wá láti 1864, èyí tí a ó lu ihò kan sí, tí a ó fi bọ eyín tí à ń ṣe lọ́rùn, kí itọ́ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Títí di òní olónìí, àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé aláìsàn kò fẹ́ ẹ, tàbí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Bí a bá ní kí èkuru tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo: ta ni ń fọ ojú ihò pẹ̀lú ọwọ́ kan, tí ó ń fi ọwọ́ kejì jẹ́ kí itọ́ ṣàn sínú rẹ̀? Àwọn aláìsàn náà ní ìpín tiwọn. Owó àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ fi ń tọ́jú eyín ní ilẹ̀ wa, bí ìrora bá sì ti lọ, owó adé tí ó yẹ kí a fi dé eyín náà a di owó ilé ìwé ọmọ. Bíríkìlà kan tí mo mọ̀ gbé ìdí ìgbà díẹ̀ tí a fi dí ojú eyín, èyí tí ó yẹ kí a pààrọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sẹ́nu láti ìgbà iṣu tuntun kan dé òmíràn. Nígbà tí ó fi padà, ìdí náà ti fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, iṣẹ́ tí kò ní àbùkù kan nínú gbòǹgbò sì ti di ìlú tí kò ní odi. N kò lè bá a wí. Mo mọ iye tí wọ́n ń san fún iṣẹ́ òòjọ́.

Ìgbà kan ti wà tí àwọn oníṣẹ́ wa gbà pé irú eyín báyìí kò yẹ láti dá sí rárá. Ní 1910, oníṣègùn ará Lọ́ńdọ̀nù kan, William Hunter, dìde sọ̀rọ̀ ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ó bá àwọn oníṣẹ́ eyín wí kíkankíkan pé wúrà ni wọ́n ń fi bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ lẹ́nu ènìyàn, pé láti ibẹ̀ ni àrùn ti ń tàn dé àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́; fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń yọ eyín ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó jẹrà àti èyí tí wọ́n kàn fura sí. Èmi kò gbà pé Hunter jẹ̀bi tó bí àwọn òpìtàn iṣẹ́ wa ti ń dá a lẹ́bi. Ìdọ̀tí tí ó rí, ìdọ̀tí ni. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sọ orí bíbẹ́ di oògùn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tún irú eyín bẹ́ẹ̀ ṣe, bí onídìrí tí a gbé irun tí ọwọ́ ẹlòmíràn dì fún láti tú ló rí: kò mọ ibi tí ẹni àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò mọ ibi tí ó fi okùn so sí, bí ó bá sì fi ìbínú fà á, irun olórí ni yóò já. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fẹ́ fi ẹ̀rọ gbẹ́ gutta-percha jáde wàràwàrà. Mo ti rí gbòǹgbò tí wọ́n gbẹ́ lu láti ẹ̀gbẹ́ nípa irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ̀kán oògùn tí ń yọ́ ọ kan, a ó dúró; irin tẹ́ẹ́rẹ́, ìdajì yíyí, a ó fà á padà; lára irin náà ni oje kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ọsàn yóò ti lẹ̀ mọ́, tí yóò máa fà bí ó ti ń jáde. Lẹ́yìn èyí ni òórùn yóò dé. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀, òórùn ohun tí ó ti wà ní ìtìmọ́lé fún ọdún pípẹ́, olùrànlọ́wọ́ mi a sì yí ojú sí fèrèsé. Oògùn tí a fi ń fọ ibẹ̀ ni irú èyí tí ó wà nínú Jíìkì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ yìí da Jíìkì sẹ́nu nílé o, abẹ́ awọ rọ́bà, nínú gbòǹgbò nìkan, lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ, ni tiwa ń dé.)

Ahọ́n wa pẹ̀lú ń fẹ́ àbojútó. Kò sí aláìsàn kan tí ó jókòó sí iwájú mi pẹ̀lú eyín tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ tí kì í béèrè pé, “Ṣé ẹni tó ṣe é kò mọ̀ ọ́n ṣe ni?” Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. N kò mọ̀ bóyá iná lọ ní ìdajì iṣẹ́, bóyá aláìsàn kò lè la ẹnu pẹ́, bóyá ẹ̀rọ tí mo ń gbójú lé lónìí kò tíì dé ìlú wa nígbà náà. Ohun tí mo bá rí lórí àwòrán ni mo ń sọ: ojú ihò kan ṣẹ́kù, tàbí orí irin kan ṣẹ́ sínú rẹ̀. Ohun tí ó pa mọ́ sí mi, n kì í fi kún un. Àwọn kan lára àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi ẹ̀gàn iṣẹ́ ẹlòmíràn ta ọjà tiwọn, èyí kò sì dára, nítorí aláìsàn tí ó bá ti gbà pé oníṣègùn kan jẹ́ òpè, gbogbo wa ni yóò fi ojú òpè wò. Yóò yọ eyín náà, yóò sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó sì ní èyí tí kò yẹ kí á tún ṣe. Ọ̀gá ilé ìwé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wá sọ́dọ̀ mi, baba tí ọ̀rọ̀ yé, pẹ̀lú eyín tí wọ́n ti ri òpó irin sínú gbòǹgbò rẹ̀ láti fi gbé adé dúró. Irin ìwọ̀n mi wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò náà ní ojú kan ṣoṣo, ó sì lọ jìnnà. Mo ti mọ̀ kí n tó wo àwòrán pé gbòǹgbò ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí á yọ èyí.” Wọ́n ní, “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ọmọ mi. Ẹ tún un kọ́.” Mo ní ilé ọba tó jó, ilẹ̀ rẹ̀ kì í bá a jó, eyín yìí, ilẹ̀ ló là. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, wọ́n sì béèrè iye tí eyín àtọwọ́dá jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn wà tí òjìji ìdí gbòǹgbò wọn kéré, tí kò yí padà láti ọdún dé ọdún, tí olówó wọn sì ti dàgbà. Irú wọn, mo ń ṣọ́ wọn ni, n kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú àpá kò lè dà bí ojú ara, gbogbo ìgbà tí a bá sì tún wọ inú gbòǹgbò, ara rẹ̀ díẹ̀ ni à ń ha kúrò.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìdúró ló kù. Eegun kì í kánjú. Ó ń tó ọdún kan kí òjìji dúdú tó fi hàn lórí àwòrán pé òun ń kó lọ, àwọn mìíràn sì ń tó ọdún mẹ́rin. Èyí ló ṣòro jù láti mú aláìsàn gbà, nítorí pé eyín tí kò dùn wọ́n kí á tó tún un ṣe, kò dùn wọ́n lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ni wọn yóò wá wò? Ìyá aláṣọ wá, ọmọ rẹ̀ ló mú un wá. Eéwo ti lọ, eegun ti kún díẹ̀ ju ìdajì lọ. Ọ̀pọ̀ kì í wá. Nítorí náà, kí aláìsàn tó dìde lórí àga ni mo ti ń kọ ìwé fún un: ojú ihò tí mo rí, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gùn tó, èyí tí mo wọ̀ dé ìdí àti èyí tí irin mi kọ̀ láti kọjá. Mo ní kí ó fi fóònù rẹ̀ ya ìwé náà àti àwòrán eyín náà. Ẹni tí yóò tún un tú, bí ó bá di dandan, lè má tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ báyìí, kò sì yẹ kí ó tún fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wá ohun tí èmi ti mọ̀.